Ìyá Káàdì àti Àwọn Lẹ́tà Tí A Ò Mọ Ẹni Tó Kọ Wọ́n

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi bí mo bá ń dá rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rọ̀. Láti àná ni ara mi ò ti gba ìjókòó. Mo gé aṣọ oníbàárà kan láàárọ̀ yìí, apá òsì ni mo fi síbi tó yẹ kí apá ọ̀tún wà, dípò kí n bínú sí ara mi, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á. Aránṣọ ni èmi, mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé wa, èmi ni mo mọ ẹjọ́ yìí rò jù, torí pé ṣọ́ọ̀bù mi ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé gbogbo ohun tó bá ń dùn ún àti ohun tó bá ń pa á lẹ́rìn-ín wá. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá Káàdì ni àwa ará ilé ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà. Ẹ má rò pé ọ̀gá ni o. Òun ló ń gbé ìwé padà sórí pẹpẹ, òun ló ń fi aṣọ nu eruku, òun náà ló ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wọn síta. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú títì, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ, búláòsì tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, tó ní àpò méjì níwájú torí pé ó ní òun ò lè ṣiṣẹ́ láìsí àpò.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà yìí. Àwọn Kristẹni ìjímìjí kọ lẹ́tà gan-an. Ìlú kan á kọ sí ìlú kejì, àpọ́sítélì á kọ sí ìjọ, ìjọ á dà á kọ. Àwọn lẹ́tà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń jà lórí ẹni tó kọ wọ́n. Àwọn kan sì wà tí orúkọ àpọ́sítélì wà lórí wọn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé rárá o, kì í ṣe òun, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ló kọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn á ní òun náà ni, akọ̀wé rẹ̀ ló kàn bá a tún ọ̀rọ̀ tò. Òmíràn ò tiẹ̀ lórúkọ ẹnikẹ́ni lára, gbogbo ayé wá ń méfò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ìjà yẹn bọ̀, ìwé tí wọ́n sì ti kọ lórí rẹ̀ lè kún ilé.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni pé ó kó gbogbo ohun tí èèyàn lè fi wádìí ọ̀rọ̀ náà jọ sójú kan. Ìwé àlàyé, ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì, ìwé tó ń sọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn baba ìjọ sọ, fọ́tò àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó ti gbó. Ó tẹ káàdì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: orí pẹpẹ tó wà, ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú ewé tó yẹ kó o kọ́kọ́ ṣí, àti ibi tó o lè fò kọjá tí nǹkan kan ò ní ṣe ọ́. Káàdì náà lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ọdún méjìdínlógún ló fi tẹ̀ wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló dá a sílẹ̀, àgbà ọkùnrin, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Wọ́n ní kó lọ wádìí bóyá àpọ́sítélì ló kọ lẹ́tà kan tàbí kì í ṣe òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá ìwé nínú ilé ìkàwé, kò rí nǹkan kan mú, ló bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń nu eruku kọjá ní kó lọ sí pẹpẹ kejì lẹ́bàá fèrèsé, kó mú ìwé aláwọ̀ ewé, kó má sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kàn ń bá ọ̀tá rẹ̀ jà níbẹ̀ ni. Ọkùnrin náà yege. Ó sì ròyìn rẹ̀ kiri.

Ọ̀gá ilé ìkàwé nígbà yẹn, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ránṣẹ́ pè é. Ó bi í léèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí òun bá ti nu ìwé, òun a máa kà á, torí pé kò dáa kéèyàn máa fọwọ́ kan nǹkan lójoojúmọ́ kó má mọ ohun tó jẹ́. Bàbá ní kó lọ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà lára ògiri lẹ́yìn bàbá gan-an: òṣìṣẹ́ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ṣe káàdì, káàdì tó bá sì ti wọ inú àpótí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá fọwọ́ sí i. Bàbá gbójú sókè wo òfin náà. Ó wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní láìsí i, òun ò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé lọ ní wákàtí kan kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, taipuráítà àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ó máa ń fa ìlà sí àárín káàdì. Apá ọ̀tún, ó kọ ohun tí àwọn tó ní àpọ́sítélì ló kọ lẹ́tà náà fi ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Apá òsì, ó kọ ti àwọn tó ní kì í ṣe òun. Ó ní ẹni tí òun ò bá gbà fún gan-an ni òun máa ń bá ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa jù, kó má baà dà bíi pé òun rẹ́ ẹ jẹ. Bó ṣe wà nìyẹn. Kò sọ tirẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gbé e wálé. Ìgbà kan tí èmi àti àbúrò wa ọkùnrin ń jà lórí ẹni tó fọ́ dígí inú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi mú bébà, ó fa ìlà sí i láàárín. Ó kọ ẹjọ́ tèmi dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, ó kọ tọmọ yẹn náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kà á tán, ojú ti àwa méjèèjì. Ká má parọ́, èmi ni mo fọ́ dígí.

Ti ọkọ rẹ̀ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò sì jọ pé ó ń wá. Ọkùnrin kan tó máa ń pín lẹ́tà kiri àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ilé ìkàwé ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó sọ tẹnu rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kó fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì tẹ káàdì fún un. Apá ọ̀tún, ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra wọn: mẹ́rin. Apá òsì, ìdí tí kò fi yẹ: mọ́kànlá. Ọkùnrin náà kà á tán, ó ní òótọ́ ni gbogbo apá òsì, pàápàá èyí tó ní òun máa ń hanrun, ó wá béèrè ọjọ́ tí ìgbéyàwó máa jẹ́. Wọ́n ṣì wà pa pọ̀ títí dòní, ó sì ṣì ń hanrun.

Ọdún kẹwàá ni ọ̀gá arúgbó yẹn kú. Wọ́n gbé òmíràn wá, Ọ̀gá Tuntun ni a ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù inú yàrá ìsàlẹ̀ dànù, taipuráítà sì bá ẹrù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó ń lo ti ọ́fíìsì nígbà tí akọ̀wé bá lọ jẹun ọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójúmọ́, lẹ́yìn náà ó ń lọ fi káàdì sínú àpótí. Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ni? Ọdún mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó bi í. Ọ̀gá Tuntun rò pé àwọn olùkọ́ ló ń fi káàdì ránṣẹ́, àwọn olùkọ́ rò pé ọ́fíìsì ni.

Wọ́n wá pinnu láti tẹ gbogbo káàdì náà jáde bí ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti ibi jíjìn ti ń kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ti mú ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá Tuntun kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó béèrè orúkọ tí wọ́n máa kọ sára ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì, tí kò jókòó síwájú nínú ìpàdé rí, nawọ́ sókè.

Ọ̀gá Tuntun kì í ṣe èèyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó béèrè bóyá ìwé kankan wà tó fi hàn pé òun ló ṣe é. Kò sí. Ó béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí. Ó ti kú. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tó mọ̀ nípa lẹ́tà wọ̀nyí gan-an, pé kí wọ́n ka káàdì kí wọ́n sọ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn, Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Èkejì, èmi ni mo sọ ọ́ ní Onísirò, torí pé kò sí nǹkan tí kì í kà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n mi gbé èsì wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ewé mẹ́fà. Ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń kà á fún mi. Wọ́n ní èèyàn méjì ló kọ káàdì. Ẹni àkọ́kọ́ lo “bóyá” nígbà ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì, ẹni kejì ò lò ó ju ìgbà mọ́kànlá lọ. Gbólóhùn ẹni àkọ́kọ́ gùn, ó ní sùúrù, ó dà bíi bàbá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ti ẹni kejì kúrú, ó le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó sì ṣeé ṣe kí inú máa run ún. Taipuráítà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí ìyípadà sì ti dé ni ọdún tí ọ̀gá arúgbó kú. Torí náà, ọ̀gá arúgbó ló ṣe apá àkọ́kọ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan tí a kò mọ̀ ló parí rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá arúgbó ni kí wọ́n kọ sára ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ibi inú rírun yẹn, ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rín in títí tó fi di ẹ̀rọ mi mú, abẹ́rẹ́ orí tábìlì ń dà sílẹ̀. Èmi ń wò ó. Mo ní kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú ìwọ̀sí yìí? Ó ní iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe, tó bá jẹ́ òun, ohun tí òun máa kọ nìyẹn. Ó ní òótọ́ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ òun ní odindi wákàtí kan láàárọ̀, gbogbo ìwé ló sì ń ba òun lẹ́rù, “bóyá” ni òun fi ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, òun ti ka gbogbo wọn tán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òun sì ní, ebi sì ń pa òun. Àwa méjèèjì tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dákẹ́, mo rí i pé omi ojú ẹ̀rín ti di omi ojú mìíràn.

“Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i,” ló wí. “Èèyàn dáadáa sì ni bàbá yẹn, mi ò tiẹ̀ lè bínú sí i.”

Ó fi aṣọ oníbàárà nu ojú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Èmi ò ní sùúrù tirẹ̀. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ̀nà ilé ìkàwé lọ, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Ọ̀gá Tuntun fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó gbọ́ mi dópin, ó wá ní, “Ẹ̀yin ni àbúrò wọn, àbí?” bí ẹni pé àrùn ni. Onísirò wà níbẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rí ìbátan, ìṣọ́ra lèèyàn fi ń gbà á. Ó tún fi kún un pé òun ṣàkíyèsí pé gbólóhùn tèmi náà kúrú. Ó ń ka ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́! Ọlọ́run ló yọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí n fi téèpù wọn ọrùn rẹ̀. Mo jáde níbẹ̀, inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn lọ́nà kan tí mi ò mọ̀, torí pé ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ èèyàn báyẹn, tó bá rí òótọ́, á rí i dájú.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí òun lọ ilé dé ilé, kí òun gba ìbuwọ́lù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo káàdì náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní wọ́n mọ káàdì, wọn ò mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló tọrọ: kí wọ́n gbọ́ tòun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ilé ìtẹ̀wé tó gbé e, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun mú káàdì kan wá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fi káàdì yẹn hàn mí. Ó fi sí àpò, ó di bọ́tìnnì.

Yàrá ìkàwé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Tábìlì gígùn kan, fèrèsé gíga, òórùn ìwé àti ti gúlúù, àpótí káàdì ọgọ́ta lára ògiri, tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á ti ń dán nítorí ọwọ́ èèyàn. Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí àárín, Onísirò lọ́tùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, Ọ̀gá Tuntun lósì. Ọ̀gá Tuntun ní mo lè jókòó tí mo bá lè dákẹ́. Mo mi orí. Ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ àga fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò rojọ́. Ó gbé káàdì sórí tábìlì, ó sún un sí iwájú Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó padà lọ jókòó. Ìyá náà wọ gíláàsì, ó kà á síta. Káàdì lórí káàdì ni: ó ti ṣe káàdì fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Apá ọ̀tún, àwọn tó ní èèyàn kan ṣoṣo ló ṣe é. Ìlà kan ló wà níbẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní ẹ̀rí. Apá òsì kún fọ́fọ́. Ó ro ẹjọ́ Onísirò fún un ju bí Onísirò ṣe rò ó lọ, ó sì fi ìdí méjì kún un tí Onísirò ò tiẹ̀ rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí n dìde kí n fa káàdì yẹn ya. Ọmọ ìyá mi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ fún òkú. Onísirò ti la ẹnu sílẹ̀, ó ń kọ àwọn ìdí méjì yẹn sínú ìwé rẹ̀ kíákíá.

“Ó kù lẹ́yìn, Mà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n yí káàdì padà. Ohùn rẹ̀ yí padà pẹ̀lú. Ohun tó wà lẹ́yìn káàdì ni àwọn àṣìṣe inú iṣẹ́ náà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì kọ̀ọ̀kan, àwọn kan nínú apá àkọ́kọ́, àwọn kan nínú apá kejì. Ó kà á pé, “Káàdì igba ó lé méjìlá: mo ní atọ́ka wà lẹ́yìn ìwé náà, kò sí, wọ́n ti yá ìwé náà lọ lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́kàn lé ohun tí ẹlòmíràn sọ. Káàdì ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́ta: ojú ewé orí tó gbẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ra, mo méfò ohun tó wà nínú rẹ̀. Káàdì ẹgbẹ̀sán: bàbá àti ọmọ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo gbé ọ̀rọ̀ bàbá fún ọmọ.” Bó ṣe ń lọ nìyẹn.

Onísirò dìde kí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kà á tán. Ó fa àpótí kan, ó mú káàdì àkọ́kọ́ jáde, ó sáré lọ sórí pẹpẹ, ó gbé ìwé, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí atọ́ka. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún sáré padà. Ọ̀gá Tuntun náà dìde, ó lọ gbé ti bàbá àti ọmọ wá. Òótọ́ ni. Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọ̀bẹ ìgébébà la àwọn ojú ewé tó lẹ̀ mọ́ra, jẹ́jẹ́, ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín: òdìkejì ohun tí ẹ̀gbọ́n mi méfò gan-an ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá dàrú. Àgbà mẹ́ta ń sáré láàárín pẹpẹ, wọ́n ń ké nọ́ńbà síra wọn, ìwé ń hù lórí tábìlì, ọ̀pá Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣubú, kò sẹ́ni tó gbé e, òun alára ò mọ̀ pé òun ò dì í mú. Èmi tí wọ́n ní kí n dákẹ́, èmi ni mo ń gbé àkàbà fún Onísirò. Nígbà tó fi máa di ogún àṣìṣe, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bíi tẹni tó mu ọtí.

Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ní ìbéèrè kan, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ṣé ẹlòmíràn tó fara balẹ̀ ò lè wá àwọn àṣìṣe yìí rí?

“Ó lè rí i, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. “Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán ni. Èwo lẹ rí?”

Onísirò ya ewé mẹ́fà rẹ̀ sí méjì. Ó tún un ya. Ó ní òun ti ń wá ẹni tó gbọ́n jù nínú káàdì yẹn, ó yẹ kí òun wá ẹni tí kò rí oorun sùn lórí wọn. Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n kàn bi ẹ̀gbọ́n mi ìdí tí kò fi tún wọn ṣe láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí òfin náà, tí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìkàwé. Láti yọ káàdì, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láti bẹ ọ̀gá pé kó fọwọ́ sí i, òun gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ṣe káàdì. Ọ̀gá Tuntun wolẹ̀. Ojú tì í, mo rí i, inú mi sì dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó gbé fóònù níwájú wa, ó pe ilé ìtẹ̀wé, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti ọkọ. Èmi ò mọ ìgbà tí mo fo sókè. Mo dì mọ́ Onísirò, ẹ jọ̀ọ́, mo dì mọ́ ọn! Téèpù mi há sára bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tí a ń tú ara wa sílẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ ní kí wọ́n dúró dè mí, sà. Mo gbọ́dọ̀ tún ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn kà, kí n sì tún káàdì wọn tẹ̀.”

Gbogbo wa yíjú. Ọ̀gá Tuntun fọwọ́ bo fóònù. Ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, iṣẹ́ mìíràn ló máa wọ inú ẹ̀rọ, ó di oṣù méjì. Nígbà yẹn ó ti fẹ̀yìn tì. Kò ní sí níbí tí ìwé náà bá dé, wọn ò ní fi lé e lọ́wọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe yẹn láti ọjọ́ yìí. Kó jẹ́ kó lọ. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjọ́ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

“Nígbà tí kò lórúkọ lára, mo fara dà á,” ló wí. “Ẹ ti wá kọ orúkọ mi sí i.”

Ọ̀gá Tuntun gbé fóònù padà sétí, ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn síbẹ̀. Ó fa bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí yíyọ káàdì kọ̀ọ̀kan, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi kó káàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà mọ́yà, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó ní kí akọ̀wé dákun sún díẹ̀. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń yọjú. Ó fi bébà sínú taipuráítà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Mo bi í bóyá kí n bá a gbé omi wá. Ó ní rárá, kí n kàn gbé àga jókòó ti òun, torí pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì wo òun rí níbi tí òun ti ń ṣe é.